Okùn Kànga Tó Mú Ẹsẹ̀ Mi Nà

Bí ẹ bá dé Idigny lónìí, tí ẹ sì béèrè ẹni tí ebè iṣu rẹ̀ gùn jù lọ ní apá ọ̀dọ̀ wa, ilé mi ni wọn yóò tọ́ka sí. Mi ò kàwé lọ títí. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní lẹ́kọ́ọ̀lù, ọmọ mi obìnrin ló sì ń bá mi tún lẹ́tà inú kaàyé tí mò ń kọ yìí ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tèmi ni, kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ohun tó mú mi gbé bíróò lọ́wọ́ ni eyín. Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, eyín ẹ̀yìn mi méjì jẹrà. Mo gun alùpùpù zẹ́mìjàn lọ sí Kétu, dókítà eyín ní òun yóò gún mi lábẹ́rẹ́ kí òun tó yọ wọ́n. Mo ní kó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sáà fún mi ní ìwọ̀n àsìkò tí èèyàn fi ń fa omi kòròbá kan. Mo di ojú, mo lọ síbi tí mo máa ń lọ, mo sì gbé ìka kan sókè pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ó yọ èkíní, ó yọ èkejì, mi ò mira. Nígbà tí mo la ojú, àwọn mẹ́ta ló dúró tì mí, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ẹja tó ń rìn lórí ilẹ̀. Dókítà ní, "Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ ipunọ́ọ̀sì, ọgbọ́n fífi ọkàn sá fún ìrora yìí?" Mo ní orí ẹní ni, nílé bàbá mi, lọ́wọ́ ìyá tó bí bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó ní ọdún gbọọrọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fi ń kọ́ ọ nílẹ̀ Faransé. Mo ní bóyá wọn ò rí olùkọ́ bíi tèmi ni.

Ọdún tí mo kọ́ ọ, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìró igi kànga tí okùn ń gbà kọjá ló máa ń jí agbolé wa. Ẹni tí kò bá gbé orí ilẹ̀ gíga wa yìí rí kò lè mọ bí omi ṣe jìnnà sí èèyàn tó. Kànga wa jìn débi pé tí o bá ju òkúta sínú rẹ̀, o lè kí ẹnì kan, kó dá ọ lóhùn, kí o bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kí o tó gbọ́ ìró òkúta náà nínú omi. Okùn rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò mi, tí wọ́n bá ká a sílẹ̀, ó tó ohun tí ọmọdé lè jókòó lé. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ọ̀gá ìdí kànga náà. Agbára rẹ̀ kò ká okùn fífà mọ́, ṣùgbọ́n lórí àpótí kékeré rẹ̀ létí kànga ló máa ń jókòó ní gbogbo òwúrọ̀, tí yóò máa fi ẹnu darí ọwọ́ àwa ọmọdé. Ọmọ tó bá kánjú, okùn á bó o lọ́wọ́, kòròbá rọ́bà á sì máa forí gbá ògiri kànga títí yóò fi ya. Nítorí náà ni Ìyá Àgbà ṣe ní ohùn kan tí kò lò fún nǹkan mìíràn. "Tú u sílẹ̀," yóò wí. "Ọwọ́ kan lẹ́yìn ọwọ́ kan. Kò sí ẹni tó ń lé ọ. Jẹ́ kó máa lọ. Ó ń lọ. Ó ń lọ. Ibi tó tutù ló ń lọ." Okùn á máa gba àtẹ́lẹwọ́ ẹni kọjá, igi á máa dún kíí-ràà, kíí-ràà, ojú èèyàn á wá wúwo láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún. Mo ti rí i tí Sèfíyá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tú okùn tán tí kò mọ̀ pé ó ti tán, tó ṣì ń mi ọwọ́ lásán létí kànga. Ìyá Àgbà kò mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan fún wa nígbà náà. Ó rò pé okùn lòun ń ṣọ́.

Ìyá mi ní tirẹ̀ ń ro ẹ̀kọ tà. Bí igi kànga ti ń dún lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni omi ògì ń ro tó-tó-tó láti inú asẹ́ lápá òsì, bàbá mi á sì jókòó láàárín méjèèjì, á máa pọ́n àdá. Òórùn ògì kíkan wà lára gbogbo aṣọ wa. Títí dòní, tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ro ẹ̀kọ, ebi á pa mí, ẹ̀yìn orúnkún ọ̀tún mi á sì yún mi díẹ̀. Ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, mo ti ń fọ́nnu láti àárọ̀ pé mo lè fo ààrò ìyá mi tòun ti ìkòkò orí rẹ̀. Sèfíyá ní, "Ẹnu rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n fò, Ràsákì." Mo fò ó. Mo kọjá, mo balẹ̀ ní òdìkejì bí ológbò, kí ọmọ mi má ṣe yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí mo kọ. Ìgbà tí mo ń fò padà ni gìgísẹ̀ mi kọ́ orógùn tó wà nínú ìkòkò, ìkòkò sì tẹ̀ lé mi. Ẹ̀kọ gbígbóná kò dà bí omi gbígbóná. Omi á ṣàn kúrò lára èèyàn, ẹ̀kọ á lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìdajì itan mi títí kọjá ẹ̀yìn orúnkún, gbogbo rẹ̀ bó. Ìyá mi kò pariwo. Ó gbé mi, ó da gbogbo omi mímu tó wà nínú agbolé sí mi lẹ́sẹ̀ títí ó fi tán, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí la ó mu. Wọ́n fi ọ̀rá òjòlá pa egbò náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀. Mo ká orúnkún mi sókè nítorí bẹ́ẹ̀ ni kì í fi í dùn mí, Ìyá Àgbà sì ká aṣọ sí abẹ́ rẹ̀ kó lè rọ̀ mí lọ́rùn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́ nìyẹn.

Bàbá mi ló gun mọ́bílẹ́ẹ̀tì lọ pe Misé Fídẹ́lì wá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ìjọba ló gbé e wá sí disipansẹ́ẹ̀ kékeré tí gbogbo abúlé àyíká ti ń gba ìtọ́jú. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun kì í ṣe dókítà, olùtọ́jú aláìsàn lásán lòun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun tó gbé àpò oògùn, dókítà ni lọ́dọ̀ wa. Nàgó, èdè wa, tó ń sọ ní ìró Gùn, èdè Àjàṣẹ́, nínú, Sèfíyá sì máa ń sín in jẹ tó bá ti yíjú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi títí.

"Egbò yìí ń jinná, Bàbá Ràsákì."

"A dúpẹ́."

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Ní kíká ló ń jinná. Awọ tuntun tó ń hù yìí, tó bá gbó tán báyìí, kò ní nà mọ́ láé. Igi ni yóò máa fi rìn."

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nà, ṣé ó lè kọ ebè?"

"Kò lè kọ ọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ránṣẹ́ sí télọ̀ kan ní Kétu, Télọ̀ Gàfárù, ẹni tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó ní tí ẹsẹ̀ mi bá kọ̀, kí ó wá mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti orí ẹní. Mo jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin ilé wa. Mo ti yan ibi tí ebè tèmi yóò wà lóko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi emi tó wà lẹ́yìn àtíbàbà. Wọ́n wá fẹ́ gbé mi lọ sí ilé onílé láti lọ máa yí ẹ̀rọ nínú ìlú. Kò sí nǹkan tí ọmọdé bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, nítorí pé èmi ni mo fo ààrò.

Láti ọjọ́ kejì ni Misé Fídẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń wá. Á fi omi iyọ̀ rẹ aṣọ egbò, á ṣí i, á nu òkú awọ kúrò, lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ kan di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, á fi ọwọ́ kejì tẹ orúnkún mi lọ sílẹ̀. Oògùn ìrora tó wà ní disipansẹ́ẹ̀ nígbà yẹn kò ju ti ẹ̀fọ́rí lọ. Àwọn mẹ́rin ló ń dì mí mú. Èmi tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo ké débi pé àwọn ewúrẹ́ sá kúrò nínú agbolé. Mo lè sọ ọ́ láìtijú, nítorí ọmọdé mìíràn ì bá ti kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá mi ti bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kó má bàa gbọ́ mi, bàbá mi sì ṣàdédé jọ̀wọ́ èjìká mi. Ó dìde. Ó ní, "Misé, ẹ jẹ́ kó di télọ̀."

Misé Fídẹ́lì ní kí wọ́n fún òun ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ìwòsàn ńlá kan, òun bá dókítà obìnrin òyìnbó kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iná jó. Obìnrin náà á máa bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí ọkàn wọn yóò fi kúrò níbi egbò. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe ọfọ̀, kì í sì í ṣe oorun. "Ẹni náà á máa gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ," ó ní. "Ìrora náà á wà, ṣùgbọ́n yóò lọ dúró sí ọ̀ọ́kán. Kì í mú gbogbo èèyàn bákan náà. Ọmọdé mọ̀ ọ́n ṣe ju àgbà lọ, nítorí pé ọmọdé ṣì mọ̀ ọ́n ṣeré." Bàbá mi kò gbà á gbọ́, kò sì sọ pé òun ò gbà á gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lé gbogbo èèyàn jáde àyàfi bàbá mi. Ó ní kí n di ojú, kí n máa wò ó bí ẹni pé mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹtẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì. Mo la ojú. Mo ní, "Kí ni pẹtẹ́ẹ̀sì?" Gbogbo ilé tó wà ní Idigny nígbà yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó lé. Ó ní kó jẹ́ àkàsọ̀ nígbà náà. Mo ní mo mọ àkàsọ̀, mo já bọ́ láti orí rẹ̀ rí, mo sì di ẹní mú ṣinṣin. Ó nu iwájú orí rẹ̀. Ó béèrè pé kí ni mo fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ mi ṣe. Mo ní omi fífà. Mo ní kò sí ẹni tó mọ omi fà tó mi ní agbolé yẹn.

"Irọ́ ni," Sèfíyá wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Sọ fún mi bí o ṣe ń fà á," Misé Fídẹ́lì wí. "Má fo ohunkóhun."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ohùn Ìyá Àgbà ló sì ń ti ẹnu mi jáde, torí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo mọ̀ láti fi sọ ọ́. Ọwọ́ kan lẹ́yìn ọwọ́ kan. Kò sí ẹni tó ń lé ọ. Misé Fídẹ́lì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi, nígbà tó yá, òun nìkan ló ń sọ ọ́. Ibi tí mo wà lẹ́yìn ìyẹn, mo ti lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà wá, síbẹ̀ ó ṣòro láti júwe. Ọwọ́ mi wà lórí àyà mi, ó ń mì bí ọwọ́ ẹni tó ń tú okùn. Mo gbọ́ adìyẹ. Mo gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń gbá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Misé Fídẹ́lì ní, "Ó ti kan omi. Fà á wá. Dà á sí orúnkún rẹ." Mo dà á, ó tutù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń nu egbò ọmọ kan, mo mọ̀ pé èmi ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ ìjà agbolé kejì ni, kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ní kí n máa bọ̀, aṣọ funfun ti wà lẹ́sẹ̀ mi, bàbá mi sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo Misé Fídẹ́lì bí ẹni tí kò rí i rí.

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìkúùkù bàbá mi méjì lórí ara wọn ló gba abẹ́ orúnkún mi kọjá tí mo bá na ẹsẹ̀ lórí ẹní. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó ku ẹyọ kan. Ìyá Àgbà kò mọ ohun tó ń lọ nínú yàrá. Ìdí kànga ló máa ń wà ní àkókò yẹn, ohun tí wọ́n sì sọ fún un ni pé dókítà ń bá mi sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni okùn kànga já. Kò sí iṣẹ́ fún un níbẹ̀, ló bá rìn wá sójú fèrèsé láti wò mí. Ohun tó rí ni ọmọ ọmọ rẹ̀ tó nà gbalaja, ojú rẹ̀ là díẹ̀ tí kò ṣẹ́jú, ọkùnrin kan ń bó awọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà kò sì mira. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń dákú, oríkì rẹ̀ ni wọ́n ń pè kíkan kó má bàa lọ. Ìyá Àgbà di irin fèrèsé mú, ó sì pe oríkì mi. "Àkànní o. Àkànní, padà. Àkànní, ọmọ mi, ilé nìyí." Ohùn tó fi ń pè mí yẹn ló fi ń jí mi láàárọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá fò dìde láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Ara mi dìde kí n tó mọ̀. Orúnkún mi ká sókè, ó gbá Misé Fídẹ́lì lágbọ̀n, awọ tuntun ya, gbogbo ìrora tó ti dúró sí ọ̀ọ́kán wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ẹni tó jágbe mọ́ Ìyá Àgbà. A kì í jágbe mọ́ ọn nílé wa. Bàbá mi kàn jáde lọ sóko láìmú àdá ni, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. Ìyá Àgbà padà sórí àpótí rẹ̀. Wọ́n ra okùn mìíràn, àwọn ọmọdé ń fa omi, kòròbá ń forí gbá ògiri, kò dá wọn lóhùn. Ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ ọkà. Èmi náà kò lè lọ mọ́. Tí Misé Fídẹ́lì bá ti ní kí n tú okùn, etí mi á máa ṣọ́ ojú fèrèsé. Fún àárọ̀ mẹ́ta, igbe la tún padà sí, orúnkún mi sì tún ń ga sí i. Télọ̀ Gàfárù ránṣẹ́ wá pé òun ń bọ̀ kí oṣù tó parí. Ní ọjọ́ kẹrin, kàkà kí Misé Fídẹ́lì wọ yàrá, ìdí kànga ló lọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní, nítorí pé fèrèsé ṣí sílẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, Dókítà. Mo rí ọmọ mi tó ń lọ, mo pè é. Tó bá jẹ́ ọmọ tiyín, ẹ ò ní pè é?"

"Màá pè é."

"Ẹ́ẹ̀n."

"Ìyá, kò lọ ibi tí ẹ rò. Ìdí kànga yín níbí ló lọ. Ohùn yín ló sì fi lọ."

"Ohùn mi báwo?"

"'Tú u sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń lé ọ.' Ta ló ni ín?"

Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀.

"Èmi ń yá a lò ni," Misé Fídẹ́lì wí. "Tèmi kò dùn tó tiyín, ó ní ìró Àjàṣẹ́ nínú. Àwọn ọmọ yín ń fi mí ṣẹ̀sín, mo mọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ máa mú un lọ. Nígbà tí mo bá di egbò tán, tí mo bá mi orí sí yín, kẹ́ ẹ pe oríkì rẹ̀, kó máa bọ̀. Kì í ṣe ṣáájú."

"Tí mo bá mú un lọ tí kò bọ̀ ńkọ́? Lọ́rùn ta ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yin lọ ná, kẹ́ ẹ rí ibẹ̀. Ẹ ní ìbàdí ń dùn yín."

"Èmi arúgbó? Ẹ fẹ́ fi mí ṣeré níwájú àwọn ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n kò dìde. Ìyá mi àti bàbá mi gbé mi jáde tòun ti ẹní kí n lè wò ó. Misé Fídẹ́lì jókòó lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà padà fún un. Ó pẹ́ ju tèmi lọ, torí pé Ìyá Àgbà ń bá a jiyàn lọ́nà. Ó ní okùn kì í lọ báyẹn. Ó ní ẹ ò tíì tú u tó. Lẹ́yìn náà, kò jiyàn mọ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń rọra mì lórí itan rẹ̀. Sèfíyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Nígbà tó bọ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Omi náà tutù." Ó wá fi ọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó fi kan án lósì, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Àmọ́ kò bá mi jà mọ́."

Láti ọjọ́ kejì, ibi orí mi ni àpótí Ìyá Àgbà wà. Kò tíì tú okùn dé ọwọ́ kẹta tí mo ti lọ. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kàwé yìí mọ̀ pé mo ti gbọ́ àwọn tó kàwé tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, mo ti gbọ́ àwọn lémọ́ọ̀mù ní Kétu, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ mọ ọ̀nà inú èèyàn tó ti obìnrin tí kò mọ lẹ́tà kan yẹn. Tí wọ́n bá di egbò tán, á pè mí, "Àkànní," jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, màá sì bọ̀. Egbò náà gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku nínà nìkan. Misé Fídẹ́lì kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún, òun sì ń wá ní ọjọ́ ọjà nìkan láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá mi ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, Ìyá Àgbà ń fi ẹnu tú okùn. Mo ti gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn èèyàn láti ìgbà náà. Ó mú ìyàwó mi nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún. Kò mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin rárá, ó kàn jókòó níwájú mi, ó ń béèrè ìgbà tí oúnjẹ yóò jinná. Ẹ̀bi kì í ṣe tèmi. Ẹni tí kò fa omi kànga rí, kí lèèyàn fẹ́ fún un tú?

Nígbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́fà kí télọ̀ dé, àbúrò Ìyá Àgbà kú ní Odomèta. Kò sí bí kò ṣe ní lọ. Ó ní àárọ̀ mẹ́ta ni òun yóò fi wà níbẹ̀, orúnkún mi sì ṣì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga sí ẹní. Misé Fídẹ́lì ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ìyá mi gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ kó sì máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á gbàgbé títẹ̀, tó bá sì ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á gé mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní màá mú ara mi lọ.

Sèfíyá ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo fi ọwọ́ lé àyà, mo sọ ọ̀rọ̀ náà sókè bí Ìyá Àgbà ṣe ń sọ ọ́. Mo sọ ọ́ sínú. Lẹ́yìn náà, mi ò sọ ọ́ mọ́, okùn náà ń lọ fúnra rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, mo gbọ́ tí ìyá mi ń béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá kí òun tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Bàbá mi ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, èmi nìkan, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìgbà tí Ìyá Àgbà bọ̀ láti Odomèta, kò tíì bọ́ gèlè rẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, tó sì ń fi ọwọ́ wá abẹ́ orúnkún mi. Ìka rẹ̀ méjì ló wọ ibẹ̀.

"Ta ló pè ọ́ padà?"

"Èmi ni mo pe ara mi."

"Kí lo pe ara rẹ?"

"Àkànní."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ránṣẹ́ sí télọ̀ pé kó má wá mọ́. Kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyá mi pàápàá kò lè bi í. Télọ̀ Gàfárù gun kẹ̀kẹ́ dé ní ọ̀sán ọjọ́ tó dá, okùn ìwọnṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mu omi, ó kí gbogbo ilé, ó ní, "Ọmọ náà dà?" Bàbá mi ní kí n dìde, kí n rìn dé ìdí àká àgbàdo, kí n sì bọ̀. Mo rìn. Èmi nìkan ni mo mọ bí mo ṣe ń ti gìgísẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo yí padà, mo rí i pé ìyá mi ti fi orógùn sílẹ̀ nínú ìkòkò.

"Ó ń tiro díẹ̀," télọ̀ wí. "Kò burú. Jíjókòó ni iṣẹ́ tiwa. Mo lè mú un."

Bàbá mi wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo aṣọ àdìrẹ ìyá mi tí mo ró mọ́dìí, nítorí pé láti ọjọ́ tí ẹ̀kọ ti dà sí mi lẹ́sẹ̀, ìró nìkan ni mo ń ró.

"Ẹ bá mi wọn ṣòkòtò fún un," ó ní. "Kò lè máa ró aṣọ ìyá rẹ̀ wá sóko."

Télọ̀ wò ó, ó wò mí, ó sì yọ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀. Ó wọn ẹsẹ̀ òsì, ó fi èékánná ṣe àmì sí i. Ó wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó tún un wọ̀n.

"Ọ̀tún fi ìbú ìka kan kúrú, Bàbá Ràsákì. Kò nà tán. Ṣé kí n gé e bẹ́ẹ̀?"

"Rárá," bàbá mi wí. "Ẹ rán méjèèjì dọ́gba."